Odi Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Mọ

Bí òyìnbó kan bá sọ fún yín pé àwọn baba òun ló mọ odi orí òkè yẹn, ẹ bi í pé òkúta mélòó ni baba rẹ̀ fi orí rù. Àwa la mọ ọ́n. Àwa la wọ inú òkun dé ọrùn, tí a fi irin ya òkúta funfun abẹ́ omi. Àwa la sun ún títí ó fi di ẹfun. Àwa la gbé omi ìrèké tí wọ́n ti sè tó dúdú, tó ń fà bí oyin, tí a fi po ẹfun náà kí ó lè le. Ebi ń pa wá, a ń da oúnjẹ sínú ògiri. Ẹni tó bá fi ìka tọ́ ọ lá, pàṣán ló ń dá a lóhùn. Ní erékùṣù yìí, ògiri yó ju ẹni tó mọ ọ́n lọ.

Nígbà tó parí, wọ́n gbé àgbá sí i. Àwọn kan kọjú sí òkun. Ọ̀kan kọjú sí oko ìrèké níbi tí a wà. Ẹyọ kan yẹn ni wọ́n máa ń fi òróró nù lójú wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Láti ìgbà náà ni àwọn ará oko ti ń kọ ẹ̀yìn sí òkè bí wọ́n bá ń ro ebè. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìjì ló ya ògiri náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n fi ní ká gbé ẹfun wá lẹ̀ ẹ́. A gbé ẹfun wá lóòótọ́. A lẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan; lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, àdá wà nísàlẹ̀ ẹfun. Ibà ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú àwọn sójà Dane, òyìnbó tó ni erékùṣù náà, tó ń ṣọ́ ibẹ̀, àwọn tó kù ń jẹun lọ́wọ́. Ìjà náà kò pẹ́ tó kí àgbàdo hó lórí iná. Bediako ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn, èmi ni mo ṣìkejì. Akrofi lorúkọ mi. Ará Akwamu ni èmi àti Bediako, ogun tó jó Nyanaoase, ìlú ọba wa, ló kó wa dé inú ọkọ̀.

Bí a ṣe gba odi tán nìyẹn, a jókòó sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdààmú wa ti bẹ̀rẹ̀.

Bediako, ọmọ tó torí ìjà wáyé, a-rógun-má-yẹsẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ bí sẹ́yìn asà, jókòó sórí àga ọ̀gá sójà, ó ń retí wúrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nílé wa, láyé àwọn baba wa, ará Akwamu gba ilé odi lọ́wọ́ àwọn Dane kan náà yìí létí òkun Accra. Kí ni àwọn Dane ṣe? Wọ́n gbé wúrà wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí àwọn tó rí ilé wọn gbà padà. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún nílé Bediako.

"Odi ni ìbàǹtẹ́ òyìnbó," ni ó máa ń wí. "Bí o bá ti já a gbà, ìhòòhò ló wà. Ibi yòówù tó sá sí, á padà wá bẹ̀ ọ́."

"Nana," ni mo wí, bí a ti ń pe àgbà nílẹ̀ wa, "ilé ni ìyẹn. Nílé, òkun wà lẹ́yìn wọn, àwa wà níwájú wọn. Níbí, òkun tiwọn ni, ilẹ̀ tiwọn ni, àwa gan-an, tiwọn ni wá lójú wọn. Ta ló ń fi wúrà bẹ ẹrù ara rẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé ń bá sọ̀rọ̀.

Mo gun orí ògiri lọ, mo bojú wolẹ̀ sí oko. Olóko ti sá wọ ọkọ̀ òun ìyàwó rẹ̀ àti ṣíbí fàdákà wọn, kò dágbére fún ajá. Síbẹ̀, nígbà tí oòrùn yọ, mo gbọ́ tí Klaas fọn ìkarahun. Klaas ni bọ́mbà oko náà, ẹrú bíi tiwa tí wọ́n kó pàṣán lé lọ́wọ́ láti máa fi da àwa ìyókù. Ó fọn ọ́n, àwọn ènìyàn jáde kúrò nínú ahéré, wọ́n tò, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n ń ro ìrèké ẹni tó ti lọ. Sekyiwaa ìyàwó mi wà láàrin wọn. Mo mọ bó ṣe ń tẹ̀.

N kò lè jẹun mọ́. Ọkọ̀ ogun lè dé nígbàkígbà láti erékùṣù kejì. Bó bá dé kí Sekyiwaa àti àwọn tó kù tó dìde, àwa tí a wà lókè á kú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á ṣáà máa ro ebè títí láé. Mo ránṣẹ́ pè wọ́n, wọn ò wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo mú àdá, mo sọ̀kalẹ̀ fúnra mi.

Mo bá Sekyiwaa níparí poro, lẹ́bàá igbó.

"Ọba Odi, ẹ káàbọ̀ o," ni ó wí. Kò dá ọkọ́ dúró. "Ẹ ti sanra."

"Sanra kẹ̀? Ẹja oníyọ̀ tó ti ń rùn là ń jẹ."

"Àwa ò rí èyí tó ń rùn ọ̀hún."

"Wá sókè kí o wá rí i."

Ó fi èjìká nu òógùn ojú, ẹ̀gbẹ́ tí kò sí etí. "Apá kan lára mi ti wà lókè yẹn. Mo rò pé ó ti tó yín."

Ìgbà kan ló sá, tí wọ́n fi ajá wá a kàn nínú igbó. Ẹnu ọ̀nà odi ni wọ́n ti gé etí rẹ̀ òsì. Wọ́n pe gbogbo oko kí wọ́n wá wò ó, ẹni tó bá dijú, wọ́n nà án.

"Àwọn tó gé e ti kú," ni mo wí. "Ọwọ́ mi ni ọ̀kan nínú wọn kú sí."

"O ṣeun, ọkọ mi. Ṣé etí náà ti ń hù bọ̀?"

Mo ní, "Ta lẹ ń ro oko fún, Sekyiwaa? Olóko ò sí ńlẹ̀."

"A mọ̀. Alaalẹ́ la ń sọ pé lọ́la a ò ní lọ. Ilẹ̀ á mọ́, Klaas á fọn ìkarahun, a ó gbójú sókè, a ó rí ògiri yẹn, ẹsẹ̀ á gbéra. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀. A ò rí yín. Ògiri la rí. Ògiri kò lójú, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti yí ojú padà?"

Mo sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yóò dùn mọ́ ọn. "Àgbá tó kọjú sí yín yẹn, kò ṣiṣẹ́. Ihò tí wọ́n ń fi iná sí ti dí pátápátá. Aláǹgbá ló yé ẹyin sínú rẹ̀. Ó jọ pé òkú ni wọ́n gbé e dé."

Ìgbà yẹn ló tó dá ọkọ́ dúró.

"Má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn," ni ó wí.

"Kí ló dé?"

"Ojú á tì wọ́n. Ẹni tí ojú ń tì kì í jagun, ẹni tí yóò bá jà nínú ilé ara rẹ̀ ló ń wá." Ó wo ilẹ̀ poro lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹyin aláǹgbá. Orí ebè yìí ni ọmọ wa kú sí, Akrofi. Ó ń ké, n ò sì lè dá ọkọ́ dúró fún un lọ́mú, torí àgbá náà ń wò mí lẹ́yìn. Ẹyin aláǹgbá."

Èmi náà wo orí ebè ọ̀hún.

Klaas ké láti orí ebè kejì. "Sekyiwaa, ṣé ọkọ́ rẹ ti kú ni?"

"Ó ti jí, Bọ́mbà," ni ó wí, ó tẹ̀ padà. Klaas rí mi. Ó rí àdá mi pẹ̀lú. Ó yí ojú sí ibòmíràn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"Ẹ wó ògiri náà," ni Sekyiwaa wí láìgbórí sókè. "Ẹ wó o lójú wa. Bí mo bá ti rí ojú ọ̀run níbi tí ògiri yẹn wà, màá wá."

"Àwọn ìyókù ńkọ́?"

"Mo ń sọ tara mi fún ọ, o ń bi mí ní ti ayé."

Mo padà sókè, mo sọ fún Bediako. Ó ní kí gbogbo wa péjọ sí ìdí òpó àsíá kí a gbìmọ̀. Ìròyìn wa kò dára. Èmi àti àwọn kan ti kọ́kọ́ fi irin gún ibi tí ìjì ti yà, bóyá yóò wó. Irin ń ta padà, ó ń ya wá lọ́wọ́. Bí a ṣe lẹ ibẹ̀ lẹ́yìn ìjì, tí pàṣán ń kọrin lẹ́yìn wa, bẹ́ẹ̀ ló ṣe le sí wa. Ẹ̀tù nìkan ló lè wó o. Òjò sì ti ba gbogbo ẹ̀tù jẹ́ àfi kẹ́ẹ̀gì kan.

Makaya ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ará Loango ni, kò sẹ́ni tó mọ ìbọn yìn tó o láàrin wa, kò sì sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ burú tó tirẹ̀.

"Kẹ́ẹ̀gì yìí ni ogun wa," ni ó wí. "Bí a bá fún ògiri jẹ, kí la ó fi kí àwọn sójà káàbọ̀? Àtẹ́wọ́?"

"Kò sẹ́ni tí yóò wó ilé mi," ni Bediako wí.

"Ilé ta?" ni Makaya bi í, ó sì rẹ́rìn-ín.

Bediako kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ọ́. Akrofi ní kí n fi ọwọ́ ara mi la ẹnu ògiri mi."

"Nana, aláǹgbá ti wọlé ó ti bímọ," ni mo wí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ìtàn àgbá. "Kì í ṣe ọ̀tá ni mo fẹ́ lànà fún. Àwọn ènìyàn wa ni. Ẹ wo bí a ti mọ. Bí ogun bá pa ìdajì wa, ìdajì tó kù kò lè gbé òkú wọn. Odi kì í jà, Nana. Ènìyàn ní ń jà. Àwọn ènìyàn ọ̀hún wà nísàlẹ̀, òkúta wọ̀nyí ló sì jókòó lé wọn láyà."

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn mi.

"Ọba tó ń wí bẹ́ẹ̀ ní ilé mìíràn," ni Bediako dá a lóhùn.

Ibi tí a ti ń fà á nìyẹn nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ òkun pè. Ọkọ̀ méjì. Bediako dìde, ó gun orí ògiri, gbogbo wa tẹ̀lé e. Ó wo àwọn ọkọ̀ náà pẹ́. Mo mọ ohun tó ń wá. Ó ń wá ẹni tó jókòó sábẹ́ agboorùn, tó gbé àpótí sítan. Ẹnu ìbọn ló rí, àti ẹ̀wù pupa tó tò lọ rẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo rí i tí ọkùnrin yẹn ń darúgbó lójú mi.

"Wọn ò mú wúrà wá," ni ó wí.



Bediako yíjú sí mi. "Akrofi, búra pé wọn yóò dìde bí a bá wó o."

Wọ́n bu omi sí igbá, wọ́n da ilẹ̀ sí i àti ẹ̀tù ìwọ̀n orí èékánná. Mo gé ọrùn ọwọ́ mi sí i. Mo mu ún. Mo sọ èyí tí ará Akwamu kì í sọ bí kò bá jẹ́ pé ọ̀ràn ti bùṣe: "Mo fi ọjọ́ Nyanaoase búra." Àwọn ará ilé wa tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bí ògiri yìí bá wó, tí àwọn ará oko ò bá dìde, Nana, orí mi tìrẹ ni."

"Orí rẹ ò tó kẹ́ẹ̀gì ẹ̀tù kan," ni Makaya wí.

"Ohun tí mo ní nìyẹn."

A gbẹ́ ìdí ògiri tó kọjú sí oko, a ti kẹ́ẹ̀gì bọ̀ ọ́, a fi òkúta dí i mọ́lẹ̀. Bediako fúnra rẹ̀ ló mú iná. Ohùn tó dún, inú eyín mi ni mo ti gbọ́ ọ. Eruku funfun bo gbogbo òkè, a di òyìnbó láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gbá a lọ, ògiri ti là láti òkè délẹ̀, ihò tí màlúù méjì lè gbà kọjá pọ̀, òkúta ti ṣàn lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Àgbá olóròóró náà ti dorí kodò sínú koríko.

Mo bojú wo oko. Gbogbo wọn ti dojú bolẹ̀ nínú poro.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan dìde. Òmíràn dìde. Wọ́n dìde tán. Wọ́n ń bọ̀.

Omi bọ́ lójú mi, n kò purọ́. Wọ́n ń gun òkè bọ̀, àwọn tí kò tíì fi ìfẹ́ inú wọn gun òkè yẹn rí, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó. Mo rí Sekyiwaa láàrin wọn. Bediako gbá èjìká mi mú, ó sì fún un. Makaya yọ fìlà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń sọ ọkọ̀ kékeré sínú omi lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ò bà mí.

Wọ́n sún mọ́ tòsí. Ìgbà náà ni mo rí agbọ̀n lọ́wọ́ wọn, àti òṣùká lórí.

Wọ́n dé ibi tí òkúta dà sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, oníkálukú mú èyí tí ọrùn rẹ̀ lè gbé, wọ́n gbé e rù, wọ́n tò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Klaas ló ṣíwájú, òun náà ru tirẹ̀. Bàbá Mingo tó jẹ́ olórí àwọn amọlé ta okùn kọjá ẹnu ihò náà, ó fi ojú kan wò ó bóyá ó gún, ó wá yíjú sí mi.

"Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá?"

"Bàbá Mingo, èmi ni. Akrofi."

"Mo mọ̀ ọ́, ọmọ mi. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá?"

Ṣé ẹ rí i, nígbàkígbà tí ìjì bá wó ògiri yẹn, ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni wọ́n ń nà fún gbogbo ènìyàn. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti nílò ìpè mọ́. Bí òkúta bá ti bọ́, ẹsẹ̀ wọn á gbéra. Mo fi kẹ́ẹ̀gì ẹ̀tù wa kan ṣoṣo pè wọ́n síṣẹ́.

Makaya jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di nǹkan mìíràn. Bediako fa àdá yọ.

"Akrofi."

"Mo gbọ́, Nana." Mo kúnlẹ̀. Mo ń wá Sekyiwaa lójú. Ó wà nínú ìtò, òkúta wà lórí rẹ̀ bíi ti gbogbo wọn, ojú rẹ̀ sì dà bí ilé tí wọ́n ti kó jáde. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀ràn orí mi lọ.

Ó dé ibi tí mo wà, ó dúró.

"Kí lo ń ṣe lórí ìkúnlẹ̀?"

"Mo fi orí mi búra."

"Nítorí ta?"

"Nítorí rẹ."

Ó wo Bediako, ó wo àdá. Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè, ó wo ihò ògiri. Òfìfo ló wà níbẹ̀, àti ìkùukùu kékeré kan tó ń kọjá lọ. Ó wò ó bí ẹni ń ka nǹkan lábẹ́nú.

Ó gbéra. Ó kọjá lára okùn Mingo. "Ìyàwó, ibí ni," ni Mingo wí. "Rárá, bàbá," ni ó dá a lóhùn. Ó gba inú ihò wọlé, ó la àgbàlá já, ó gun orí ògiri kúkúrú tó wà lẹ́bàá òkun, ó sì ju òkúta orí rẹ̀ sísàlẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń kọlu àpáta, a gbọ́ omi.

Kò kúrò níbẹ̀. Ó súnkì, ó káwọ́ gbá orí mú, èjìká rẹ̀ ká sókè. Ó ń dúró de pàṣán. Gbogbo wa dúró dè é pẹ̀lú rẹ̀. Èmi gan-an, ẹ̀yìn ń ta mí. Kò sẹ́ni tó nà án. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó padà wá mú òkúta mìíràn.

Obìnrin tó tẹ̀ lé e nínú ìtò kò yà sọ́dọ̀ Mingo. Ó tẹ̀ lé Sekyiwaa. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé obìnrin náà. Fún ìgbà díẹ̀, iṣẹ́ méjì ń lọ níbì kan náà: àwọn kan ń tò ó sókè lábẹ́ okùn Mingo, àwọn kan ń rù ú kọjá lára wọn lọ dà sí òkun, wọ́n tilẹ̀ ń yà fún ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Makaya yọjú wo ìsàlẹ̀. "Ọkọ̀ kékeré àwọn sójà ti dé abẹ́ wa," ni ó wí. "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó tóbi ni kí ẹ máa gbé wá."

Ọ̀kan lára òkúta wa, tí oúnjẹ wa ṣì wà lára rẹ̀, bọ́ sáàrin ọkọ̀ kékeré àkọ́kọ́, ó là á sí méjì. Ẹ̀wù pupa kún ojú omi. Ọkọ̀ kékeré kejì yí padà, wọ́n ń wà á lọ gba ẹ̀yìn òkè, níbi tí kò ga. Ogun wa ọjọ́ yẹn nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bediako ti àdá bọ àkọ̀. "Dìde," ni ó wí fún mi. "Àwọn tó dìde kò tó ìdajì. Ìdajì ọrùn rẹ ṣì jẹ́ tèmi."

"Ẹ wá gbà á nínú igbó, Nana."

Ó wo àga tó wà nínú àgbàlá lẹ́ẹ̀kan. Ó fi í sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wa.

Sekyiwaa lọ di Mingo lọ́wọ́ mú. "Bàbá, ó tó. Wọ́n ti ń bọ̀."

"Ohun tí mo ṣe ń yára nìyẹn," ni arúgbó náà wí. "Bí wọ́n bá bá a báyìí, wọ́n á nà yín."

Sekyiwaa gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀. Mingo bẹ̀rẹ̀ mú òmíràn. Sekyiwaa gba ìyẹn náà. Arúgbó náà wò ó pẹ̀lú àánú, bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́ràn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

A fi í sílẹ̀. A fi Klaas àti àwọn tó pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, a kò lè fi ipá kó wọn, torí ipá ni wọ́n mọ̀. A gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sá wọ igbó, ìbọn òfìfo lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a gbọ́ igbe àwọn sójà lókè. Òòlù Mingo tí a ti ń gbọ́ láti òkè dákẹ́. Gbogbo wa dúró, a di ẹ̀ka igi mú.

Òòlù náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dún pẹ̀lú òmíràn, àti òmíràn.

Kò sẹ́ni tó lè gbé ẹsẹ̀. A dúró bẹ́ẹ̀, à ń gbọ́ ọ. Sekyiwaa ló kọ́kọ́ gbéra, ó wọ inú igbó lọ.